Nọ́ńbà Kọ́ Ló Ń Bo Ojú Kábíyèsí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti tì wá. Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin ní ẹ̀ka Yorùbá gbé géèmù kékeré kan jáde níwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Ọdún eégún ní ìlú kan ni ìtàn inú rẹ̀ dá lé. Àwa la kọ ìtàn náà, àwa la kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń sọ, ọwọ́ wa la sì fi ya gbogbo àwòrán. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló bá wa tò ó sínú Godot. Ó ń lọ wẹ́rẹ́ títí a fi dé ààfin. Kábíyèsí jókòó lórí ìtẹ́, adé ń bẹ lórí, ìrùkẹ̀rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìlẹ̀kẹ̀ etí adé tó yẹ kó rọ̀ sílẹ̀ bo ojú ọba, ẹ̀yìn orí ni wọ́n wà, bí irun tí a kò dì. Ojú ọba wà gbangba. Ọba ń wo àwa, àwa ń wo ọba.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Ó ní ta ló ṣí ojú kábíyèsí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, nítorí pé lóòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ló ṣe é. Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí a fẹ́ rò lónìí.

Nígbà tí a jáde, ọ̀rẹ́ wa ní ká má da ara wa láàmú, ó ní ọ̀rọ̀ kóòdù lásán ni. Nọ́ńbà ìlẹ̀kẹ̀ ló kéré, òun á fi kún un. Ọ̀kan nínú wa gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní iṣẹ́ tiwa ti parí nígbà tí a ti ya àwòrán tán. A bá wọn jiyàn lọ́jọ́ náà, a ṣì ń bá wọn jiyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé, kí èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn nínú géèmù tó di ọ̀rọ̀ kóòdù, ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ẹni tó mọ ìtàn ló gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nọ́ńbà kankan. Àwa ọmọ Yorùbá tí a gbé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún oníkóòdù, àwa la ṣí ojú ọba. Ọ̀rẹ́ wa kò jẹ̀bi tó wa.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí rí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tó bá ti múra òde rí ti mọ bí ẹ̀ńjìnnì géèmù ṣe ń ya àwòrán pẹrẹsẹ. Bùbá la kọ́kọ́ ń wọ̀ ká tó gbé agbádá lé e. Ohun tí a wọ̀ kẹ́yìn ni ará òde ń rí. Ẹ̀ńjìnnì kò ní làákàyè tó fi ń mọ ohun tó yẹ kó wà níwájú. Ó kàn ń ya àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan ni, èyí tó bá yà kẹ́yìn a sì bo èyí tó ti yà ṣáájú níbi tí wọ́n bá ti pàdé. Ọgbọ́n àwọn tó ń fi ọ̀dà yàwòrán nìyẹn: wọn a kọ́kọ́ kun ojú ọ̀run, wọn a kun òkè, lẹ́yìn náà igi, ènìyàn a wá kẹ́yìn. Ọgbọ́n ayàwòrán náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń pè é títí di òní. Newell, Newell àti Sancha ti kọ̀wé lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa to nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1972.

Ẹnìkan yóò ní ṣebí ọgbọ́n mìíràn wà. Ó wà. Ní 1974, Edwin Catmull ṣàlàyé nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utah bí gbogbo tóótòòtó ojú kọ̀ǹpútà ṣe lè máa rántí bí ohun tí a yà síbẹ̀ ṣe jìnnà tó, kí èyí tó jìnnà má lè bo èyí tó sún mọ́ni. Ọgbọ́n yẹn ló gbé géèmù tó ní ìbú àti jíjìn dúró lónìí. Ṣùgbọ́n àwòrán pẹrẹsẹ bíi tiwa ní ibi tí a ti ń rí òdìkejì: àárín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì, etí aṣọ, èéfín. Bí a bá kọ́kọ́ ya ìlẹ̀kẹ̀, tí tóótòòtó ibẹ̀ sì ti rántí pé nǹkan kan ti sún mọ́ tòun, kò ní gba ojú ọba mọ́, ihò ni yóò kù láàárín ìlẹ̀kẹ̀. Nítorí náà, ìtò kò ṣeé sá fún. A gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣáájú.

Nínú Godot, igi la ń to nǹkan sí. Òbí wà lókè, àwọn ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀. Òbí ni ẹ̀ńjìnnì ń kọ́kọ́ yà, àwọn ọmọ ló tẹ̀lé e, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà ọmọ ló ń bo òbí. Ó lè kọ́kọ́ dà bí àrífín létí wa, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìyá tó pọnmọ: bí ẹ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ lẹ ó kọ́kọ́ rí. Bí ọmọ kan bá sì yẹ kó wà lẹ́yìn òbí rẹ̀, àyè wà fún un, show_behind_parent ni wọ́n pè é. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú gbogbo èyí. Ẹ kàn ń sọ ohun tó jẹ́ ti ta ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní z_index wà fún ìgbà tí ìtò igi kò bá tó. Òdo ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń wà níwájú, ó sì ń lọ láti -4096 dé 4096. Ibẹ̀ ni ìyọnu gbà wọlé.

Ẹ gbọ́ bí ojú kábíyèsí ṣe ṣí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìtẹ́ bo orí ọba, torí pé ìsàlẹ̀ ọba ni wọ́n to ìtẹ́ sí nínú igi, ìtẹ́ ni ẹ̀ńjìnnì sì ń yà kẹ́yìn. Dípò ká gbé ìtẹ́ lọ sókè, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, a fún orí ọba ní 5. Orí yọ. Ṣùgbọ́n òdo ni adé wà, orí wá bo adé. A fún adé ní 6. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àwòrán ọ̀tọ̀ ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀, nítorí pé a fẹ́ kí wọ́n máa mì bí kábíyèsí bá ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí wọn, wọ́n wà ní òdo tiwọn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn èyí, adé tó ti di 6 bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró níwájú ìtẹ́. Ẹ̀ṣọ́ gba 10. Onílù gba 20. Igi ìrókò gba 50. Ìkùukùu gba 999, ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ṣe. Nígbà tó yá, ẹyẹ kan ń fò kọjá tó ní 4096 lórí, a sì fẹ́ kí ẹyẹ mìíràn fò kọjá níwájú tirẹ̀. Godot ní ó tì, kò sí nọ́ńbà mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ká ní ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ ọmọ adé, tí adé jẹ́ ọmọ orí, tí orí sì jẹ́ ọmọ ara, ibi tí ọba bá lọ ni gbogbo wọn ó máa bá a lọ. Nọ́ńbà tí a bá fún ọba, gbogbo wọn ni ó jogún rẹ̀, torí pé orí ti òbí ni Godot ti ń ka ti ọmọ, àfi bí a bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: gbólóhùn Yorùbá ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ti adé ni, adé ti orí ni. Ẹni tó bá ti rí adé ọba rí lè sọ ọ́, oníkóòdù tí kò rí i rí kò lè sọ ọ́. Kò sí ohun tó yẹ kó sọ fún un pé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, pé iṣẹ́ tó ń ṣe ni láti bo ojú. Lójú tirẹ̀, ìkọ́ra àwọ̀ mèremère kan ni.

Bí ẹ bá sì rò pé nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lédè tó ń sọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀ńjìnnì kan sí èkejì. Nínú Godot, èyí tó pọ̀ ló wà níwájú. Nínú GameMaker, depth tó kéré ló wà níwájú. Nínú Unity, ẹ ó kọ́kọ́ mú Sorting Layer kan, ẹ ó wá fún un ní Order in Layer láti -32768 dé 32767. Ẹ̀rọ Famicom tí Nintendo gbé jáde ní 1983 kò ju àwòrán kéékèèké 64 tó lè rìn kiri lọ, mẹ́jọ péré ló sì lè hàn lórí ìlà kan. Èyí tó bá ṣáájú nínú àkójọ ló ń wà níwájú, òdìkejì ohun tí aṣọ wíwọ̀ kọ́ wa. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní “eégún wà ní 20”, kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní “ìrókò fara pamọ́ sẹ́yìn eégún”, ó ti sọ̀rọ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé irọ́ ló ń pa.

A ti dé ibi tó dùn mọ́ àwa ọmọ èdè jù. Nínú ìwé ìtàn wa, a kọ ọ́ pé: “Atọ́kùn wà níwájú eégún.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí gbólóhùn yìí rú lójú. Atọ́kùn ló ń ṣáájú, eégún ń tẹ̀lé e. Ọ̀rẹ́ wa kà á, ó fún atọ́kùn ní 3, ó fún eégún ní 2. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti òkè ojú fóònù wá sísàlẹ̀, ó dára, atọ́kùn ló sún mọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí padà tí wọ́n ń lọ sí igbàlẹ̀, tí wọ́n kẹ́yìn sí wa, atọ́kùn tó ti jìnnà sí wa ṣì ń bo eégún mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí aṣọ eégún. Lójú ẹni tó ń wò ó, ńṣe ni atọ́kùn gun eégún lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀lé eégún rí, ẹ sọ fún wa: ta ló ń fara kan aṣọ eégún bẹ́ẹ̀?

Ta ló jẹ̀bi? Àwa ni. “Iwájú” nínú gbólóhùn wa jẹ́ iwájú lójú ọ̀nà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ń lọ. “Iwájú” tí ẹ̀ńjìnnì ń béèrè jẹ́ iwájú lójú awòran, ẹni tó sún mọ́ ẹni tó ń wò. Ẹ̀kẹta tún wà, iwájú ara ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: bàǹtẹ́ wà níwájú, ọmọ wà lẹ́yìn, ibi yòówù kí onítọ̀hún kọjú sí. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta, ó sì jẹ́ pé nínú kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa láti ya irú nǹkan báyìí sọ́tọ̀. A jókòó sínú kíláàsì náà, a kọ ìdánwò rẹ̀, a sì yege. Nígbà tó di pé ká lò ó, a ní iṣẹ́ oníkóòdù ni.

Nọ́ńbà kò lè tún ọ̀rọ̀ atọ́kùn ṣe rárá, ìbáà jẹ́ 3, ìbáà jẹ́ 3000, nítorí pé ipò àwọn méjèèjì ń yí padà bí wọ́n ṣe ń rìn. Ohun tó lè tún un ṣe ni ohun tí gbogbo wa ń ṣe lọ́jà láìronú: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù lójú wa ló sún mọ́ wa. Godot mọ ọgbọ́n yìí, y_sort_enabled ni orúkọ rẹ̀. Ní Godot 3, nóòdù ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, YSort. Ní Godot 4, ó ti di ohun tí ẹ lè tàn lára nóòdù pẹrẹsẹ èyíkéyìí. Y ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀, èyí tí Y rẹ̀ bá pọ̀ jù a sì kẹ́yìn láàárín àwọn tí a ń yà, òun ló ń wà níwájú. Ẹ tàn án lára òbí tó kó gbogbo èrò ọjà sábẹ́, atọ́kùn àti eégún á máa pa ipò dà fúnra wọn bí wọ́n bá ṣe ń yí.

Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ méjì. Èkíní: àwọn tí z_index wọn bá dọ́gba nìkan ló ń tò bẹ́ẹ̀. Gbogbo 3 àti 10 àti 20 tí a ti ń pín bí owó ìnáwó ló pa á. A tàn án, kò ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ wa ní Godot ti bàjẹ́. Godot kò bàjẹ́. Àwa la ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èkejì: ẹsẹ̀ ni kó wò, àárín àwòrán la sì fún un. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, Godot a máa fi àárín àwòrán sí ojú ibi tí nóòdù wà. Eégún wa ga fíofío, àárín rẹ̀ wà lókè; ọmọdé tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kúrú, àárín tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kí lẹ rò? Ọmọdé bo eégún. Ìgbà tí a sún àwòrán sókè tó fi jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ló wà lójú nóòdù, ni gbogbo rẹ̀ tò. Ẹni tó ya àwòrán ló mọ ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ eégún tó ń wọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo onídùndún wa. Okùn tí wọ́n fi gbé ìlù kọ́ èjìká gba ẹ̀yìn ọrùn, ó sì gba iwájú àyà. Ìlù wà níwájú ara, apá tó fún ìlù mọ́ra wà níwájú ìlù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń pààrọ̀ nọ́ńbà okùn yìí. Bí a bá fún un ní èyí tó pọ̀, ó máa ń gba iwájú ọrùn kọjá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ so rọ̀. Bí a bá dín in kù, ó máa ń wọnú àyà lọ. Kò sí nọ́ńbà tó lè gbà á, torí pé àwòrán kan ṣoṣo kò lè wà níwájú kó tún wà lẹ́yìn. Ẹni tó ya àwòrán ló gbọ́dọ̀ gé okùn sí méjì, kó fi ìdajì kan sẹ́yìn ọrùn, kó fi ìdajì kejì síwájú àyà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ti rí onídùndún lójú agbo ì bá ti sọ èyí ní ọjọ́ kìíní, bí wọ́n bá bi í.

A kò tíì sọ ti bọ́tìnì, èyí tó bí wa nínú jù. Bọ́tìnì “Tẹ̀síwájú” wà nísàlẹ̀ ojú fóònù. Lórí igi, pátákó kan tí kò ní àwọ̀, tó gba gbogbo ojú fóònù, wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun la fi ń ṣú ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú nínú ìtàn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bọ́tìnì náà a ṣú. Àwa náà rèé, a fún bọ́tìnì ní z_index 100. Ó yọ, ó ń dán. Ọmọ kíláàsì wa kan gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó nu ojú fóònù nù sára aṣọ, ó ní ó dà bíi pé fóònù wa ti kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lára bọ́tìnì àti ẹgbẹ́ rẹ̀, z_index ń yí ohun tí ojú ń rí padà nìkan, kò yí ẹni tí ọwọ́ kọ́kọ́ ń kàn padà. Ìtò igi ni ọwọ́ ń tẹ̀lé. Ojú rí bọ́tìnì, pátákó ló ń gba ìka. Àwọn tó ṣe Godot kọ èyí sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn gbangba; a kò kà á. A gbé pátákó lọ sókè bọ́tìnì nínú igi, a sì sọ mouse_filter rẹ̀ di Ignore, ó parí.

Ní òdodo, irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ kó wà nínú ìlú náà rárá. Kò sí ará ìlú tó lè kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ayé ìtàn, ọ̀rọ̀ tí à ń kà, bọ́tìnì, iye ẹ̀mí tó kù, CanvasLayer ni ilé wọn, kí wọ́n dúró síbẹ̀ bí kámẹ́rà bá ń rìn kiri ìlú.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní kò sí àkókò. Bí ìdíje géèmù bá jẹ́ ti ọjọ́ méjì péré, ta ló fẹ́ jókòó máa kọ gbólóhùn? A gbà díẹ̀. A kò sọ pé kí ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà. Ẹyẹ tó ń fò wà lókè orí gbogbo ènìyàn, ẹ fún un ní 1, kò burú. Òjìji wà lábẹ́ gbogbo ẹsẹ̀, ẹ fún un ní -1. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́ nígbà gbogbo, ibi yòówù kí ẹyẹ fò dé. Nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní orúkọ tó fún géèmù bíi tiwa. Ohun tí a ń bá jà ni nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ṣe okùn ìlù, ṣé àkókò kọ́ nìyẹn?

Bí ẹ bá sì fẹ́ fún wọn lórúkọ, ẹ fàmì sí i. A kọ ILE sínú kóòdù láìfàmì, torí pé ọ̀rẹ́ wa sọ pé kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ràn àmì. Ilẹ̀ là ń pè, ìpele tó wà lábẹ́ ohun gbogbo. Ó ka ilé, ó kó gbogbo ilé ìlú náà síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń rìn lórí òrùlé láti àárọ̀ dalẹ́. GDScript ti Godot 4 gba ILẸ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ láìjanpata. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ fi àmì ohùn ṣe láyé, ẹ ti gbọ́ ọ̀kan.

Àwọn kan lára àwọn àgbà wa tó ti jáde sọ fún wa pé eré ọmọdé la ń ṣe, pé kí a lọ kọ àpilẹ̀kọ wa. Ẹ̀yin àgbà wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àpilẹ̀kọ tiyín, ẹ kọ̀wé lórí aṣọ eré lórí ìtàgé: ẹni tó wọ kí ni, ẹni tó dúró níbo, ìdí tí ọba fi wọlé kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pè é ní iṣẹ́ télọ̀. Ohun kan náà la ń sọ yìí, àfi pé fóònù ni ìtàgé tiwa, ọmọ àbúrò yín tí kò dé ibi ọdún eégún rí ló sì ń wò ó. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ojú ọba bá ṣí níbẹ̀, lójú ọmọ yẹn, ojú ọba máa ń ṣí ni.

A ti bẹ̀rẹ̀ ẹ lákọ̀tun. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí Godot báyìí kó tó fi Yorùbá kọ ojú kọ̀ọ̀kan ìtàn sílẹ̀: ohun tó jẹ́ ti ta ni, ẹni tí ipò rẹ̀ ń yí bí ó bá ń rìn, ohun tí kì í sí nínú ìlú. Ọ̀rẹ́ wa náà ń bá wa kà á, ó sì máa ń béèrè pé “iwájú ta ni?” títí ọ̀rọ̀ á fi yé e. Ojú ààfin nìkan ló kù. Ìlẹ̀kẹ̀ ti bo ojú kábíyèsí, kò sí 5, kò sí 6. Ìjà tó kù ni ti ìrùkẹ̀rẹ̀. Bí ọba bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á gbé e sókè ẹnu. Àwọn méjì nínú wa ní iwájú ìlẹ̀kẹ̀ ni ìrùkẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá ti gbé e sókè. Àwọn méjì tó kù ní irun rẹ̀ tó gùn gbọ́dọ̀ pín, kí díẹ̀ wọ àárín ìlẹ̀kẹ̀, kí díẹ̀ wà lóde, èyí tó túmọ̀ sí pé a ó gé àwòrán náà sí méjì bíi ti okùn dùndún. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nítòsí ìtẹ́ rí, tí ẹ sì fi ojú ara yín rí i, ẹ kọ̀wé sí wa kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.